Ìgbà Tí Wọ́n Gbé Ọ̀nà Kúrò Lójú Fèrèsé Wa

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìjọ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa sọ pé ọmọ yìí ti bá òkèèrè lọ. N kò bá a lọ o, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n rójú. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n kí yín.

Mo pè yín lórí fóònù lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe rí. Ẹ̀ ń pariwo pé ta nì yẹn, èmi náà ń pariwo pé èmi ni, títí káàdì fi tán. Ẹ̀rọ gírédà tí ẹ fi la ọ̀nà ti gba etí yín. Ọ̀nà tó wà lójú fèrèsé wa sì ń gba tiwa lọ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ló kù tí a fi lè gbọ́ ara wa yé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àjà kẹta ni à ń gbé. Ọ̀nà márosẹ̀ kan gun orí òpó kankéré gba iwájú ilé wa kọjá, ó sì ga débi pé òun àti fèrèsé wa dọ́gba. Bí awakọ̀ kan bá ń jẹ búrẹ́dì, mo lè rí bó ṣe ń jẹnu. A kì í sọ̀rọ̀ nílé wa, igbe ni à ń ké. Ọkọ mi á ké láti yàrá pé òun ò rí bẹ́líìtì òun, èmi á ké láti ilé ìdáná pé iyọ̀ ti tán. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà lábẹ́ ọ̀nà náà, láàárín òpó méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàtà kan. Oòrùn kì í débẹ̀. Bí tírélà bá kọjá lókè, tábìlì á gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á sì ṣáko lórí aṣọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ìgbìmọ̀ ìlú wá kéde pé ọ̀nà náà ti gbó. Dípò kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní àwọn fẹ́ wó o lulẹ̀, kí wọ́n fi títì lásán rọ́pò rẹ̀, títì tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá, tí igi àti ìsọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá á máa gba ẹ̀yìn ìlú. Gbogbo ìlú ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù bínú débi pé kò lè parí oúnjẹ rẹ̀. Ìyá onílé wa tó wà nísàlẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, inú wọn ń dùn bí ẹni tó bímọ tuntun. Èmi ò tíì mọ ibi tí n ó dúró sí. Bí ọ̀nà bá lọ, ṣọ́ọ̀bù mi lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín la ọ̀nà, kí lẹ rí sí i?

Ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Aránṣọ


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹta

Aránṣọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àna mi. Ara mi le. Orúnkún nìkan ni kò gbà pé mo ti fẹ̀yìntì, ó ṣì ń jí mi láàárọ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà, mo sì dìde dúró. Ohun tó jẹ́ kí n tètè fèsì nìyí: ẹ kó kúrò nínú ilé yẹn. Kò sí ìjọba tó ń wó ọ̀nà tó dára. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wó o, ó ti sán nìyẹn, òpó ti ń yẹ̀, wọ́n kàn ń fi ọgbọ́n bá yín sọ ọ́ ni. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Gírédà kò lè jókòó kí ọmọ rẹ̀ máa ránṣọ lábẹ́ afárá tó fẹ́ ya lulẹ̀. Máa yẹ àwọn òpó yẹn wò láràárọ̀. Bí o bá rí ibi tó là tó fẹ̀ tó okùn bàtà, má mú máṣíìnì, sá.

Bí ó bá sì wá jẹ́ pé ọ̀nà náà ò ṣe nǹkan kan, tó jẹ́ pé wọ́n kàn jókòó tí wọ́n ní kí àwọn wó o, a jẹ́ pé ayé ti dorí kodò. N kò sọ èyí fún ọ rí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ létí ọmọdé. Inú rírun ló mú ìyá mi. Ilé ìwòsàn wà, dókítà wà, ọ̀nà ni kò sí. A yọ ilẹ̀kùn ilé, a tẹ́ ẹ lé e lórí, a gbé e la ẹrọ̀fọ̀ kọjá nínú òjò. Ṣe ló ń bẹ̀ wá pé kí a má bínú, pé òun wúwo. Ibi tí a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí a lè mí díẹ̀, ibẹ̀ ló dákẹ́ sí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe gbé ẹ̀rọ dé. Mo lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n fi mí sídìí èyí tó ń la ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé abẹ gírédà lé ojú ẹrọ̀fọ̀ yẹn, tí ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tuntun, ẹnu mi ò lè padé. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá la ọ̀nà ti bá Ọlọ́run dá sí iṣẹ́ Rẹ̀. Má tún bi mí ní ohun tí mo rí sí wíwó ọ̀nà.

Fi ìpara orúnkún ránṣẹ́, èyí tó máa ń gbóná. Ìwé rẹ sì kúrú jù.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ kú àníyàn wa. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ọlọ́run á túbọ̀ tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀nà ò sán o. Mo yẹ òpó wò bí ẹ ṣe ní kí n yẹ̀ wọ́n wò, oníbàtà sì ń bi mí bóyá nǹkan mi ló sọnù. Ohun tó ń dun àwọn tó fẹ́ kó lọ kì í ṣe pé kò lágbára, àdúgbò ló gé sí méjì. Ìyá onílé sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun, títì tóóró kan ló wà níbí, àbúrò wọn obìnrin sì ń gbé lódìkejì. Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jà. Ìgbà tó yá ni ọ̀nà dé. Wọ́n wó àwọn ilé tó wà láàárín, wọ́n gbin òpó, wọ́n sì fi irin ṣọgbà dí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù wa, nítorí ọkọ̀ ń já wọlé já jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní láti rìn títí dé ihò abẹ́ ilẹ̀ kan tó kún fún omi àti òórùn ìtọ̀. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ò gbé e mọ́. Lójú ìrọ̀lẹ́, oníkálukú á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á máa juwọ́ síra wọn láàárín òpó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ìyá onílé tí wọ́n ń juwọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé eṣinṣin ni wọ́n ń lé.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní àánú wọn ṣe òun, ṣùgbọ́n àánú kì í gbé ẹrù dé ibi tó ń lọ.

Ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn máa ti ọ̀nà náà pa lọ́jọ́ Àìkú kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gòkè, kó lọ fojú ara rẹ̀ wò ó kí ìpàdé ìlú tó dé. Ọkọ mi ní ibi tí òun ń gùn lójoojúmọ́, kí lòun tún fẹ́ lọ wò.

Ìpara yín ti wà lọ́nà.

Ọmọ yín,
Aránṣọ


Ogúnjọ́, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

N kò tíì rí èsì yín, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí kò jẹ́ kí n lè dúró dè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, ìyá onílé fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn wa. Aṣọ tí wọ́n wọ̀, n kò rí i lára wọn rí. Wọ́n ní kí n mú àwọn gòkè. Ọkọ mi yí ojú sí ògiri. A gba ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà gun ọ̀nà náà, wọ́n fara tì mí, à ń rìn, à ń sinmi. Nígbà tí a dé òkè, Bàbá mi, mo di irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú.

Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ yìí. N kò mọ̀ pé ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀, gbogbo ìlú ló ṣí sílẹ̀ fún un. Mo rí odò tí n kò mọ̀ pé ìlú yìí ní. Mo rí àwọn òkè lọ́ọ̀ọ́kán, àwọ̀ wọn dà bí aró. Ènìyàn pọ̀ lọ súà. Àwọn kan gbé ọmọ kọ́rùn, àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́, ọkùnrin kan fẹ̀yìn lélẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó ń wo ojú sánmọ̀. Mo wo bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀, bó ṣe rọra kọ́ sápá kan bí apá ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ, ẹ̀yin ni mo sì ronú kàn. Mo ní ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ṣe èyí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan án. Ó ń gbóná bí ara.

Níbi tó ga jù ni a ti rí àbúrò ìyá onílé. Ọmọ rẹ̀ ló mú un gòkè láti apá ọ̀hún. Wọn ò lè sáré. Wọ́n ń bọ̀ wá pàdé ara wọn lórí ìlà funfun tí wọ́n fi pín ọ̀nà, àwọn èrò sì ń yà fún wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n yà. Ìyá onílé fọwọ́ pa àbúrò wọn lójú, wọ́n ní, "O ti darúgbó."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ọ̀nà tó pín wọn níyà. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó rí wọn gbé dìde.

Bàbá mi, ìyanu méjì ni mo rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo rí i pé ọ̀nà náà tóbi, ó sì lẹ́wà. Mo sì rí i pé ó tó àkókò kó lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọkọ mi, ó ní ọ̀nà tó ń bọ́ wa ni mo ń sọ̀rọ̀ lé lórí yẹn. Láti ọjọ́ náà, igbe pàápàá ò sí nílé wa mọ́. Orí ló ń mì sí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ọmọ yín,
Aránṣọ


Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún

Aránṣọ,

Mo gba ìwé méjèèjì àti ìpara. Ìpara náà dára.

O ní kí n dá sí i. Mo dá sí i: ọkọ rẹ ló jàre. O gun ọ̀nà lọ́jọ́ kan, o rí i pé ó lẹ́wà, o fọwọ́ kan án, o sì ní kí wọ́n lọ pa á. Irú ìyìn wo nìyẹn? Àwọn tó da kankéré yẹn nínú oòrùn, tí wọ́n ń délé tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó àti ọmọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn á pẹ́ láyé ju àwọn lọ, ta ló bèèrè wọn nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú? Bóyá ẹlòmíràn tiẹ̀ já bọ́ kú níbẹ̀.

Má kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. N kò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń jẹun dáadáa, bóyá òjò ti dáwọ́ dúró, bóyá orúnkún yín gba ìpara náà. Àwa wà. Ọkọ mi ń jáde, ó ń wọlé. Mo rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì kan, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Aránṣọ yín


Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo ń retí. Bó jẹ́ ìlà kan péré, tó tiẹ̀ jẹ́ èébú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Àyà mi ń já.

Ọmọ yín


Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹjọ

Aránṣọ mi,

Nu ojú rẹ nù. N kò kú, n kò sì ṣàìsàn. Ìjà ni mo wà nídìí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Mo gbé ìwé rẹ lọ síbi tí àwa òṣìṣẹ́ ọ̀nà tó ti fẹ̀yìntì máa ń jókòó sí láàárọ̀, mo rò pé wọn ó bá mi bínú sí ọ. Mo ka èyí tí o kọ nípa ọjọ́ Àìkú. Igbe ni mo fi kà á, torí kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ ò gba etí rẹ̀ nínú wa. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn arúgbó méjì ti ń bọ̀ lórí ìlà funfun, Sọ̀fíyọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ fún wa láyé ọjọ́un, ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Ìlú ló yẹ kó wọ ọ̀nà bí aṣọ. Tó bá ti dàgbà ju aṣọ náà lọ, ẹ bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀." Kátápílà, ẹlẹgbẹ́ wa tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń tú ilẹ̀, ní orí Sọ̀fíyọ̀ ti dàrú. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, èkejì á ní òun ti ń lọ. Èmi ni mo wà láàárín bí òpó. Ìwé tìrẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní tèmi, n kò yí padà tán. Ṣùgbọ́n mo jókòó ro ó. Ìyá mi kú nítorí pé kò rí ọ̀nà gbà láti ibi tó wà dé ibi tó ń lọ. Ìyá onílé rẹ náà kò rí ọ̀nà gbà láti ibi tó wà dé ibi tó ń lọ. Ọ̀nà ńlá ń gba orí rẹ̀ kọjá, kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí èrò yìí wọ̀ mí lọ́kàn, mo ń jẹun lọ́wọ́, mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀nà, n kò rò pé ọ̀nà lè jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́. Wá àwọn tó kọ́ ọ rí, àwọn tó bá kù. Kí wọ́n jókòó níwájú. Sọ fún ìlú pé Bàbá Gírédà ló wí bẹ́ẹ̀.

Àna mi ńkọ́? Má fi agídí bá a lò. Ẹni tó ń gba ọ̀nà kan lójoojúmọ́, ọ̀nà náà ti di ará ilé rẹ̀. Ikú ará ilé ló ń bà á lẹ́rù.

Èmi tí mo bí ọ


Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi, ẹ̀yin àgbà ọ̀nà,

Ìdúró ni mo wà tí mo fi ka ìwé yín tán. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Oníbàtà ló mọ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ̀nà náà, bàbá arúgbó kan tó ń so irin inú kankéré pọ̀ nígbà tí ara ṣì le. Bàbá Onírin ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ló wá kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yòókù jọ. Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn ìlú kún dé ẹnu ọ̀nà. A ní kí wọ́n fi àwọn bàbá náà síwájú, àwọn èrò sì ń bi ara wọn léèrè pé àwọn wo nìyí.

Ọkọ mi ló gbẹnu sọ fún àwọn awakọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀yìn ìlú jìnnà, àwọn á máa jáde kí ọmọ àwọn tó jí, àwọn á máa wọlé nígbà tí wọ́n bá ti sùn, bí ó sì ti wù kí títì lẹ́wà tó, ẹnì kan ló máa ru ẹrù rẹ̀. Ó ní kí ìlú má ṣe bíi pé kò sí ẹni náà. Ohun tó ń sọ takò mí, orí mi sì ń wú.

Wọ́n pe èmi náà. Mo bọ́ síwájú. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi la ọ̀nà títí ẹ̀rọ fi gba etí wọn, mo sọ ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mo sọ nípa ilẹ̀kùn àti ẹrọ̀fọ̀ àti òjò. Mo wá ní, "Bàbá mi ní kí ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́."

Bàbá Onírin bá gbára lé ọ̀pá wọn, wọ́n dìde. Ohùn wọn ò ròkè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "A kọ́ ọ dáadáa. Ohun tí ẹ ní kí a kọ́ nígbà náà la kọ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ wó o. Kó ṣáà má jẹ́ nítorí pé ẹ kórìíra rẹ̀."

Bàbá mi, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde. Mo kàn gbọ́ àga tó ń dún ni. Ìyá onílé dìde. Àwọn awakọ̀ dìde. Àwọn tó fẹ́ kó lọ àti àwọn tí kò fẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ló dìde fún àwọn arúgbó tó wà níwájú, àwọn yẹn sì jókòó, wọ́n ń wo ìtẹ́lẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n yìn lójú àlejò. Mo wẹ̀yìn wo ọkọ mi. Ó ti dìde, ó di fìlà rẹ̀ mú sáyà.

Wọ́n dìbò. Àwọn tó ní kó lọ fi díẹ̀ pọ̀ ju àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú gbọ́dọ̀ parí ná, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ ló ṣe é. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. Ó ní, "Bàbá yín mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Ọmọ yín tí orí rẹ̀ ń wú,
Aránṣọ


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú ti parí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti ojú fèrèsé wa kúrò.

Wọn ò fọ́ ọ túútúú bí mo ṣe rò. Wọ́n ń gé e ní ègé ègé bí ẹni ń gé búrẹ́dì, kíréènì á gbé ègé kan sókè, á dá a dúró sójú òfuurufú, tòun ti ìlà funfun lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló jáde lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ègé àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá Onírin wà níbẹ̀, wọ́n ṣí fìlà.

Ẹ sì mọ ẹni tó ń kó ègé náà lọ? Ọkọ mi ni. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ń wá ọkọ̀ akẹ́rù, ó lọ bá wọn. Ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ di òkúta wẹ́wẹ́ ló ń gbé e lọ, òkúta náà ni wọ́n sì máa dà sábẹ́ títì tuntun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e, ó wọlé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ọ̀nà tó ń gbé mi láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo wá ń gbé e."

Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù mi. N kò purọ́, mo sunkún. Ìyá onílé yọ̀ǹda yàrá iwájú wọn fún mi, ibẹ̀ ni máṣíìnì mi wà báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ègé tó wà níwájú ilé wa gan-an kúrò, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, mo ṣàdédé rí òjìji ọwọ́ ara mi lórí aṣọ. Oòrùn ti wọlé. Ó gba ojú fèrèsé, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó mọ ilé tẹ́lẹ̀. Ìyá onílé gbé àga sínú rẹ̀. Bó bá ṣe ń sún lórí ilẹ̀, wọ́n á sún àga tẹ̀lé e, títí wọ́n fi dé ògiri ọ̀hún. Èmi ò lè ránṣọ.

Ọmọ yín,
Aránṣọ


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún

Aránṣọ mi,

Mo ka ìwé rẹ fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí àna mi ti ń gbé ọ̀nà, Kátápílà bú sẹ́rìn-ín, ó lu Sọ̀fíyọ̀ lẹ́yìn, ó gbàgbé pé àwọn ń jà. Ìjà ti parí nìyẹn.

Ìlú kan jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé òkè kúrò lójú ara wọn. Mo dàgbà tó báyìí, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Wọ́n ní kí n bi ọ́ bí òpó ṣe jìn wọlẹ̀ tó, àti irú irin tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Èmi ò bèèrè irin. Etí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì tán, Aránṣọ. Òjò rọ̀ lánàá, ojú ni mo fi mọ̀. Tìrẹ ló ń ṣí bí tèmi ṣe ń tì. Nígbà tí títì bá parí, tí ẹ̀rọ bá lọ, tí ariwo bá tán, kí ló kù? Fetí sí i dáadáa, kí o kọ ọ́ fún mi.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹwàá

Bàbá mi,

Títì ti parí. Wọ́n kó ẹ̀rọ lọ nírọ̀lẹ́ àná. Mo kọ èyí kí n tó ṣe nǹkan kan lónìí, kí ó má baà sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo jí láàárọ̀, mo rò pé etí mi ti di. Mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìgbálẹ̀, ẹnì kan ń gbálẹ̀ lódìkejì títì, ó ń sinmi, ó tún ń gbá. Mo gbọ́ bàtà obìnrin kan tó ń bọ̀ kò-kò-kò, ó dé abẹ́ fèrèsé wa, ó kọjá, mo sì ń gbọ́ ọ títí ó fi yà níkòríta. Mo gbọ́ omi tó ń gòkè nínú páìpù. Mo gbọ́ ẹyẹ, kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n dé tàbí bóyá wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo gbọ́ ìyá onílé tí wọ́n ń pe àbúrò wọn láti ojú fèrèsé pé ṣé ó ti jí, òun náà sì fèsì pé ta ni kò ní jí, pẹ̀lú igbe yín yìí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan. Ó lọ sílẹ̀, ó dùn, ó ń yí bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé rédíò aládùúgbò ni. Mo dìde, mo tẹ̀lé e, ó sì gbé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wa. Ọkọ mi dúró síwájú dígí, ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń kọrin.

Ó rí mi, ó dákẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó."

Bàbá mi, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ọmọ yín,
Aránṣọ